Orin Irma Thomas nínú Black Mirror: ìpín wo ni kí n fi han àwọn tí kò wo eré náà rí?

Àdùkẹ́ Bódìjà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn oṣù, àwa bí ogún máa ń péjọ sí yàrá ìkàwé kan ládùúgbò wa láti wo fíìmù, ẹnì kan yóò sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí a tó tan àwòrán. Oṣù yìí ló kàn mí, ẹnu mi ló sì kó bá mi. Mo ti ṣèlérí pé orin kan ṣoṣo ni n óò sọ̀rọ̀ lé lórí: "Anyone Who Knows What Love Is (Will Understand)", tí Irma Thomas gbé jáde ní 1964, tó sì ń yọjú léraléra nínú Black Mirror, eré àròsọ nípa ẹ̀rọ àti ayé ọjọ́ iwájú tí Charlie Brooker dá sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Èmi àti àbúrò mi ń wo "Crocodile", ọ̀kan nínú àwọn ìpín eré náà, lálẹ́ ọjọ́ kan, orin náà dún, mo sì ní kí ó dá a dúró. Mo ní mo ti gbọ́ ọ nínú eré yìí kan náà. Ó ní irọ́ ni, pé orí mi ló ń dún. A padà sẹ́yìn títí a fi bá a nínú "Fifteen Million Merits", lẹ́nu ọmọbìnrin kan tó ń kọrin níwájú àwọn onídàájọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń dọdẹ rẹ̀.

Ìṣòro mi ni pé ìpín kọ̀ọ̀kan eré yìí dá dúró gedegbe. Òṣèré ọ̀tọ̀, ìlú ọ̀tọ̀, ìtàn ọ̀tọ̀; ẹni tó wo ọ̀kan kò nílò èkejì. Àwọn olùgbọ́ mi kò rí ọ̀kankan rí, jẹnẹrétọ̀ wa kò sì gba ju wákàtí méjì lọ, nítorí náà ìpín kan ṣoṣo ni mo lè tàn. Èwo ni kí n mú? Ṣé orin yìí ń sọ fún wa pé inú ayé kan náà ni gbogbo ìtàn wọ̀nyí ti ṣẹlẹ̀, àbí ó kàn wu ẹni tó kọ eré náà bẹ́ẹ̀ ni? Àwọn àgbà méjì kan sì wà láàárín wa tí wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Báwo ni kí n ṣe pe àkọlé orin náà ní Yorùbá tí kò fi ní lọ́?

Ọmọ Ìlọrin

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tan "San Junipero". Inú ìpín yẹn ni orin ti ṣiṣẹ́ jù lọ nínú gbogbo Black Mirror, orin Belinda Carlisle ti 1987 tó sọ pé ayé níbí ni ọ̀run, èyí tó bá ìtàn náà mu bí ìbọ̀wọ́ ṣe ń bá ọwọ́ mu. Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn rẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ó sì gba ẹ̀bùn Emmy méjì ní 2017. Ní ti orin Irma Thomas, ojú kejì àwo lásán ni wọ́n fi í sí. "Time Is on My Side" ni ojú tó níyì.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Ọmọ Ìlọrin, mo gbóríyìn fún "San Junipero", ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí Àdùkẹ́ béèrè. Orin Belinda Carlisle wà nínú ìtàn kan, ó sì dúró síbẹ̀. Èyí tí à ń sọ yìí jáde nínú ìtàn mẹ́rin tí kò jọ ara wọn, láti 2011 sí 2017. Ọ̀rọ̀ àwo náà sì tún yí sódì lẹ́nu rẹ: "Anyone Who Knows What Love Is" ni ojú kìíní àwo ní 1964, "Time Is on My Side" ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ṣì ọ́ lọ́nà ni pé àwọn Rolling Stones gbé ojú kejì yẹn kọ lọ́dún kan náà, tiwọn ló sì wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, débi pé àwọn èèyàn ń rò pé òun ni wọ́n tìtorí rẹ̀ tẹ àwo náà.

Àdùkẹ́, kú iṣẹ́. "Fifteen Million Merits" ni kí o tàn, jẹ́ kí n sì sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láti inú ohun tí ojú mi rí. Channel 4 kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 2011, ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn ìpín àkọ́kọ́. Ilé àjọgbé la wà nígbà náà, àwa mẹ́rin lórí àga onírọ̀gbọ̀kú kan. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni àṣekágbá ìdíje orin The X Factor wáyé lórí ITV, tí Little Mix gbégbá orókè. A ti pariwo, a ti dìbò, ọ̀kan nínú wa tilẹ̀ ti sunkún ayọ̀. Bí a ṣe yí ìkànnì sí Channel 4 nìyẹn, tí a sì bá àwọn ènìyàn tó ń wa kẹ̀kẹ́ lójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí wọ́n fi ń kó owó tí wọ́n ń pè ní merit jọ, tí ohun kan ṣoṣo tó lè yọ wọ́n kúrò lórí kẹ̀kẹ́ sì jẹ́ ìdíje orin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hot Shot. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ láàárín wa.

Orin náà wọlé bí ẹni tí kò fẹ́ kí a rí òun. Bing, tí Daniel Kaluuya ṣe, wà nílé ìtọ̀, ó gbọ́ ohùn obìnrin tó ń dá kọrin níbẹ̀. Kò sí ìlù, kò sí dùùrù. Abi ni, ẹni tí Jessica Brown Findlay ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ orin náà, wọn kò yá ohùn ẹlòmíràn fún un. Bing ní owó tí arákùnrin rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀ fún un. Ó ra ìwé ìwọlé fún Abi ní mílíọ̀nù 15. Kí Abi tó gun orí pèpéle, wọ́n fún un ní ohun mímu kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Cuppliance, èyí tó ń sọ ara ẹni di rírọ̀ tí ènìyàn kò fi ní lè sọ pé rárá. Ó kọ orin náà, gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn onídàájọ́ mẹ́ta sọ fún un pé ohùn rẹ̀ dára ṣùgbọ́n àwọn akọrin ti pọ̀ jù, pé ìkànnì tí àwọn obìnrin ti ń bọ́ra sílẹ̀ ló yẹ ẹ́. Èrò ń pariwo pé kí ó gbà. Ó gbà.

Nínú gbogbo ibi tí orin yẹn ti jáde, ibí nìkan ni a ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Tí àwọn olùgbọ́ rẹ kò bá kọ́kọ́ rí èyí, àwọn ìyókù yóò dà bí ẹni gbọ́ ègbè láìgbọ́ lílé.

Akọ̀wé Ọ̀ṣun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, mo fẹ́ yapa díẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n ìtàn ìdíje orin ni "Fifteen Million Merits". Orin èyíkéyìí tó bá dùn ni Abi ìbá kọ níbẹ̀. Inú "White Christmas", tó jáde ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá 2014, ni ọ̀rọ̀ orin náà ti bá ọ̀rọ̀ ìtàn wọ ara wọn lẹ́sẹ̀.

Ẹ rántí ohun tí orin náà ń wí. Obìnrin ń bá ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n dá òun lẹ́bi, kí wọ́n dójú ti òun, kí ayé sọ pé òmùgọ̀ lòun, òun kò ní yéé fẹ́ ẹ, pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìfẹ́ yóò lóye òun. Nínú "White Christmas", Beth, àfẹ́sọ́nà Joe, ló gbé gbohùngbohùn níbi káríókè tó sì kọ orin yìí. Joe ń wò ó. Ìgbà tí ìtàn ń parí lọ ni àwa àti Joe tó wá mọ̀ pé ti Tim, ẹlẹgbẹ́ wọn, ni oyún tí Beth gbé, kì í ṣe ti Joe. Ẹnì kan dúró níwájú ọkùnrin kan, ó ń kọrin pé ẹni tó bá mọ ìfẹ́ yóò lóye. Ọkùnrin náà gbọ́ orin, kò lóye. Kí ló tún kù tí òǹkọ̀wé ìbá ṣe?

Orin kejì tún wà nínú ìpín yẹn tó mú ọ̀ràn náà le sí i. Ní ìparí, wọ́n fi ẹ̀dà ọkàn Joe sẹ́wọ̀n nínú ẹ̀rọ, wọ́n yí aago inú rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún ọdún fún ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi rédíò sílẹ̀ fún un tí ń kọ orin Kérésìmesì àwọn Wizzard ti 1973 láìdákẹ́. Ó fọ́ rédíò náà. Rédíò náà tún padà síbi tó wà. Orin kan tí kò gbọ́ yé, orin kan tí kò lè sá fún.

Ní ti àkọlé: "Ẹni tó bá mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́ yóò yé."

Ìyá Tọ́pẹ́

Àdùkẹ́ ọmọ mi, kú ìmúra. Kí n tó sọ ti eré, jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá Akọ̀wé sọ̀rọ̀, nítorí ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Yorùbá. Akọ̀wé, ohun tí o kọ yẹn já sí pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ni yóò yé àwọn ẹlòmíràn, nígbà tí ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà ló yẹ kí ó yé òun. "Yóò yé e" ni, kì í ṣe "yóò yé". Fáwẹ́lì kan péré lo jẹ, o sì ti gbé olóye sípò ẹni tí a ń lóye. Tí mo bá fẹ́ kí ó dùn lẹ́nu, n óò sọ pé, "Ẹni tó mọ ìfẹ́ ló lè mọ ohun tó ń ṣe mí."

Ní ti eré, Àdùkẹ́, ṣé àwọn ọmọdé kì í wá síbi ìpàdé yín? Ẹ̀gbọ́n Peckham kàn fẹ̀sọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọ́n fi ọmọbìnrin yẹn ṣe ni. Àwòrán rẹ̀ wà nínú ìpín náà lẹ́yìn tí ó kúrò lórí pèpéle. Wọ́n ń fi í polówó lójú Bing, kò sì ní owó tó láti fò ó kọjá. Kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá wà níbẹ̀. "White Christmas" náà kò sàn jù, nítorí ọmọ kékeré kan kú sínú òtútù nínú rẹ̀. Ẹ má sì mú "Crocodile" wá rárá níwájú ọmọdé.

Akọ̀wé Ọ̀ṣun

Mà á, mo gba "yóò yé e", ẹ ṣeun, ojú tì mí díẹ̀. Ṣùgbọ́n "ohun tó ń ṣe mí" kò sí nínú àkọlé. Olórin kò sọ ohun tí yóò yé ẹni náà. Ó fi sílẹ̀ ní gbangba. Tí a bá kún un, a ti dáhùn ìbéèrè tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀.

Ìyá Tọ́pẹ́

Akọ̀wé, Gẹ̀ẹ́sì lè fi í sílẹ̀ ní gbangba, etí Yorùbá yóò béèrè pé "kí ni yóò yé e?" Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ pe méjèèjì fún àwọn àgbà náà, kí wọ́n mú èyí tó bá wù wọ́n.

Ìyàwó Sójà

Ẹ kú ọgbọ́n o. Gbogbo yín ti fo "Men Against Fire" dá, èyí tó jáde lórí Netflix ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá 2016. Ó yé mi pé ibẹ̀ ni orin náà ti kéré jù. Kò sí pèpéle, kò sí gbohùngbohùn. Obìnrin ológun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Raiman, tí Madeline Brewer ṣe, ló kàn ń kọ ọ́ lẹ́nu bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n òun gan-an ló dẹ́rù bà mí jù.

Mo fẹ́ ológun, mo mọ bí orin ṣe ń wà lẹ́nu wọn. Ọkọ mi kì í kọrin nílé, àfi tó bá ń kun bàtà rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la tí yóò lọ sẹ́nu iṣẹ́. Orin ìsìn kan náà ni nígbà gbogbo, ẹsẹ kejì nìkan, kò sì mọ̀ pé òun ń kọ ọ́. Ọjọ́ tí mo sọ fún un pé ó ń kọrin, ó bínú. Nítorí náà, nígbà tí mo gbọ́ orin ìfẹ́ lẹ́nu Raiman, kò ṣàjèjì sí mi.

Ohun tó mú un burú ni pé wọ́n ti fi ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ MASS sí orí àwọn ológun inú ìtàn náà. Ẹ̀rọ náà ń sọ àwọn ènìyàn tí wọ́n ní kí wọ́n pa di iwin eléyín gígùn lójú wọn, wọ́n sì ń pè wọ́n ní aáyán. Kì í ṣe ojú nìkan ló ń tàn jẹ. Igbe àwọn tí wọ́n ń pa kì í dé etí wọn bí igbe ènìyàn. Stripe, tí Malachi Kirby ṣe, ni ẹ̀rọ tirẹ̀ bàjẹ́, tó fi rí i pé ọmọ ènìyàn bíi tirẹ̀ ni wọ́n. Ẹ wá rò ó: etí tí wọ́n dí sí igbe ni orin yìí ṣì wà nínú rẹ̀ geere. Raiman mọ orin náà, ó mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kò sì dí i lọ́wọ́ ìbọn rẹ̀.

Àdùkẹ́, n kò ní kí o tàn án. Ṣùgbọ́n tí o bá sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú láìdárúkọ Raiman, o ti fi èyí tó le jù sílẹ̀.

Àyànwálé

Onílù ni mí, n óò sọ ohun tí etí mi gbọ́. Ẹ̀gbọ́n Peckham sọ pé àwọn ìyókù yóò dà bí ègbè láìsí lílé. Mo fara mọ́ ọn, mo sì fẹ́ fà á gùn sí i.

Orin inú àlọ́ ni orin yìí. Tí a bá ń pa àlọ́ Olúrónbí, ègbè kan náà ni àwọn ọmọ ń gbè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Apàlọ́ kì í yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Ìtàn ló ń rìn lábẹ́ rẹ̀, tí ègbè tí a fi ṣeré nígbà àkọ́kọ́ fi wá ń wúwo lẹ́nu nígbà tí ìrókò bá béèrè ọmọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe orin yìí, ẹ sì kíyè sí bí a ṣe ń gbé e fún wa. Ní 2011, ohùn Abi nìkan ló kọ́kọ́ dé etí wa, lásán láìsí ìlù. Ní 2014, ó di káríókè, èyí ni pé ẹnì kan ń kọrin lórí ìlù tí wọ́n ti lù sílẹ̀ láti ibòmíràn. Ní 2016, ó di ìkùnsínú lẹ́nu ológun. Ní 2017, nínú "Crocodile", kò sí akọrin mọ́: àwo lásán ni, tí wọ́n ń tàn fún ẹni tó jókòó kí ó lè rántí nǹkan. Lójú tèmi, bí ó ṣe ń lọ ni ènìyàn ń dínkù nínú rẹ̀.

N óò sì sọ ìdí tí mo fi rò pé orin yìí dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó dún bí orin tí gbogbo ayé mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Kò ju ipò 52 lọ lórí àtẹ Billboard Hot 100 nígbà tó jáde. Tí wọ́n bá fi orin tó gbajúmọ̀ gan-an ṣe é, kálukú ìbá gbé ìrántí tirẹ̀ wá, ti ìgbéyàwó, ti ọtí, ti ọ̀rẹ́kùnrin àtijọ́, eré náà kì bá sì ní àyè láti kọ tirẹ̀ sórí rẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin

Mo ti gba ẹ̀bi àwo, ẹ̀gbọ́n Peckham, ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè nípa ayé kan ṣoṣo. Èmi gbà pé ayé kan náà ni. Nínú "Crocodile", nígbà tí Mia, obìnrin apànìyàn inú ìtàn náà, wà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì, fíìmù oníhòòhò tó tàn kí wọ́n lè rò pé òun ló ń wò jẹ́ ti Wraith Babes, ìkànnì tí wọ́n mú Abi lọ nínú "Fifteen Million Merits". "Black Museum", tó kẹ́yìn sáà kan náà pẹ̀lú "Crocodile", sì kún fún ẹrù láti inú àwọn ìtàn ìṣáájú. Tí orin náà bá tún wà nínú mẹ́rin, kí la tún ń wá?

Atọ́kùn Houston

Àbúrò Ìlọrin, ẹ̀rí tí o mú wá nípa Wraith Babes lágbára, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n orin kò sí lára ẹ̀rí náà. Wraith Babes jẹ́ ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún eré. Tí ó bá jáde níbi méjì, a lè béèrè pé báwo ni. Irma Thomas kì í ṣe ẹ̀dá inú eré. Wọ́n bí i ní Ponchatoula ní Louisiana ní 1941, àwo rẹ̀ sì wà lórí igbá títí di òní. Tí orin rẹ̀ bá jẹ́ ẹ̀rí pé inú ayé kan ni Abi àti Raiman wà, a jẹ́ pé èmi náà wà nínú ayé yẹn nìyẹn, nítorí mo ní orin náà nínú ọkọ̀ mi.

Kí n tó kó wá sí Houston, New Orleans ni mo gbé fún ọdún mẹ́rin. Níbẹ̀, Ayaba orin soul ìlú New Orleans ni wọ́n ń pè é, kò sì sí ẹni tó ń fi orúkọ yẹn ṣeré. Omi ìjì Katrina ti 2005 ba ilé rẹ̀ àti ilé ijó rẹ̀ jẹ́, àwo orin tó sì kọ lẹ́yìn rẹ̀, After the Rain, gba ẹ̀bùn Grammy ní 2007. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lójúkojú níbi àjọ̀dún Jazz Fest, ìyá àgbàlagbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó fi aṣọ ìnujú nu ojú rẹ̀, sọ fún mi pé àwọn ọmọ-ọmọ òun ti ń pe Irma ní "obìnrin orin Black Mirror". Kò dùn mọ́ ọn nínú.

Àdùkẹ́, bá mi fi ìṣẹ́jú méjì sọ fún àwọn olùgbọ́ rẹ pé ènìyàn ló kọ orin yìí kí eré tó gbé e. Àwọn mẹ́rin ló pilẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ohùn rẹ̀: Jeannie Seely, tó padà di olókìkí nínú orin country, Randy Newman, tí kò tíì pé ọdún 21 nígbà náà, òun kan náà tó wá ṣe orin fíìmù Toy Story ní 1995, Judith Arbuckle àti Pat Sheeran. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n ń wá orin tí yóò tà.

Ẹ̀gbọ́n Peckham

Atọ́kùn ti bá mi dáhùn ti ayé kan ṣoṣo. Ohun tí mo fẹ́ kún un ni pé tí orin náà bá so àwọn ìtàn wọ̀nyí pọ̀, bí òwú ṣe ń so aṣọ òkè pọ̀ ló so wọ́n: o rí ìlà kan náà nínú ìró àti ìborùn, ìyẹn kò sọ wọ́n di aṣọ kan.

Àyànwálé, mo fara mọ́ ohun tí o wí, àyàfi níbi "Crocodile". O ní kò sí ènìyàn nínú rẹ̀ mọ́. Ó wà. Shazia, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò, tí Kiran Sonia Sawar ṣe, ló ń wádìí ìjàǹbá kan tí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀, tó ń ta pizza, fi gbá ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó ní ẹ̀rọ tí ń gbé ìrántí ẹni sójú àwòrán kékeré kan, ó sì ń fi orin náà àti òórùn bíà ran àwọn ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ kí ọkàn wọn lè padà síbi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wò bó ṣe ń ṣe é: ó ń fi pẹ̀lẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kì í kánjú, ó ń dá wọn lára yá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe pẹ̀lú inú rere. Ọ̀nà ìrántí yẹn náà ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Mia, tí Mia fi pa á àti ọkọ àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ènìyàn kò dínkù nínú orin náà; ewu ló ń pọ̀ sí i fún ẹni tó bá gbé e dání.

Àyànwálé

Ẹ̀gbọ́n, mo gbà. Mo gbọ́ àwo, mi ò wo ọwọ́ tó tàn án.

Àdùkẹ́ Bódìjà

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo tún wo "Fifteen Million Merits" àti "White Christmas" lánàá, mo kọ aago sílẹ̀. "White Christmas" ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, tí mo bá sì fi ọ̀rọ̀ mi àti ìbéèrè kún un, jẹnẹrétọ̀ yóò kú kí Joe tó mọ̀ pé ọmọ kì í ṣe tirẹ̀. Akọ̀wé, ẹ má bínú, "Fifteen Million Merits" ni n óò tàn. N óò ka ìran káríókè náà fún wọn láti ẹnu.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn òbí pé kí wọ́n má mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 wá lóṣù yìí. Kí n tó sọ̀rọ̀ rárá, n óò pa iná, n óò fi ẹ̀rọ alágbèéká kékeré tan orin Irma Thomas fún wọn látòkè délẹ̀ láìsí àwòrán, kí ó lè jẹ́ pé tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni n óò pe àkọlé méjèèjì: "Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ohun tí ìfẹ́ jẹ́, yóò yé e" àti "Ẹni tó mọ ìfẹ́ ló lè mọ ohun tó ń ṣe mí." Raiman wà nínú ọ̀rọ̀ mi, Ìyàwó Sójà, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ bí n óò ṣe sọ ọ́ láìtan àwòrán. Ṣé mo lè sọ ìtàn bàtà tí ọkọ yín ń kùn?

Ìyàwó Sójà

Sọ ọ́, ṣùgbọ́n má sọ pé ó bínú.

Ìyá Tọ́pẹ́

Àdùkẹ́, má ṣe dá àwòrán dúró lẹ́yìn tí Abi bá kọrin tán kí o tó ṣàlàyé o. Mo ti rí olùkọ́ tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo adùn ló ń tú dànù. Jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ gbọ̀ngàn yẹn bọ́ sínú ìdákẹ́jẹ́ tiyín, kí àwọn onídàájọ́ wá ya á fúnra wọn. Mọ́kọ́lá ni mo wà, ó wù mí kí n wá. Aago mélòó ni ẹ ń bẹ̀rẹ̀?

Àdùkẹ́ Bódìjà

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, mà á. Tí ẹ bá tètè dé, àga tó ní tìmùtìmù wà níwájú.